Ẹ Bi Wá: Kàbálà àwọn Júù, ìmọ́lẹ̀ tó fọ́ ìkòkò, àtàwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá a kàn fẹnu ba Kàbálà lójú ewé yìí ni, ìpínrọ̀ kan péré, pé ó jẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn Júù nípa bí ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run ṣe ń ti òkè wá dé ọ̀dọ̀ wa, àṣé ilé agbọ́n la tọwọ́ bọ̀. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé, WhatsApp ń dún, ẹlòmíì bú wa, ẹlòmíì bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo ṣa àwọn tó ṣe é dáhùn. Ẹni tó ní ká bá òun fi ṣe nọ́ńbà tẹ́tẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù, róbótó mẹ́wàá tí wọ́n fi ìlà so mọ́ra wọn, ó ní Igi Ìyè ni wọ́n ń pè é, pé ọ̀rẹ́ òun kan ní yunifásítì ti fín in sí apá. Ṣé nǹkan ẹgbẹ́ òkùnkùn kọ́ nìyẹn? Ìyá Tóbi, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Tatúù yẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu, torí àwọn Júù tó ni àwòrán náà, òfin wọn ò gbà kí wọ́n fín ara rárá, ó wà nínú Léfítíkù 19:28, ẹ lọ kà á fún ọ̀rẹ́ ọmọ yín.

Àwọn róbótó mẹ́wàá yẹn ni Sefirot, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni Sefirah. Ohun tí àwọn oníkàbálà gbà ni pé Ọlọ́run fúnra ẹ̀, bó ṣe wà gan-an gan-an, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, kò sórúkọ tó gbà á, Ein Sof ni wọ́n kàn ń sọ, ìyẹn Aláìlópin, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ Aláìlópin yìí ń tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà mẹ́wàá yọ sí wa. Keter, adé, ló wà lókè pátápátá, níbi tí nǹkan ti jẹ́ ìfẹ́ inú Ọlọ́run tí kò tíì di èrò pàápàá. Hokhmah ni ọgbọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹ̀rì, Binah ni òye tó gba ọgbọ́n yẹn tó wá tú u palẹ̀, Ìyá ni wọ́n máa ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Hesed, àánú tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, àti Gevurah, agbára àti ìdájọ́, òun ló máa ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Tiferet, ẹwà, dúró láàárín wọn. Netzach àti Hod, ìṣẹ́gun àti ọlá, wà nísàlẹ̀ díẹ̀, Yesod tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń gba gbogbo ohun tó ṣàn wá látòkè, tó wá ń dà á sínú Malkhut, ìjọba, èyí tó kan ayé wa yìí. Malkhut yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní Shekhinah, Ọlọ́run tó ń bá èèyàn gbé, obìnrin ni wọ́n sì máa ń fi í pè nínú ìwé wọn.

Ẹ tún wo àwòrán náà dáadáa. Apá ọ̀tún ti àánú ni, apá òsì ti ìdájọ́, òpó àárín ló ń mú wọn dọ́gba, torí lójú wọn tí àánú bá dá ayé ṣe láìsí ìdájọ́ ayé á bàjẹ́, tí ìdájọ́ bá sì dá a ṣe ayé ò ní lè dúró lóòjọ́. Ìlà 22 tó so wọ́n pọ̀ ni lẹ́tà 22 tó wà nínú èdè Hébérù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti rí púpọ̀ nínú orúkọ yẹn, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Kíróníkà Kìíní 29:11, àdúrà tí Dáfídì gbà nígbà tí wọ́n ń dáwó tẹ́ńpìlì: títóbi, agbára, ògo, ìṣẹ́gun, ọlá, ìjọba, wọ́n tò tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe tò sórí igi yẹn gẹ́lẹ́. Títóbi tí Dáfídì sọ, òun ni orúkọ kejì fún Hesed. Ẹ ti ń ka Sefirot ní ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́ mà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ Sunday School ni mí, àwọn ọmọdé kan fìbéèrè dè mí mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kìíní ni Ọlọ́run ní kí ìmọ́lẹ̀ wà, ọjọ́ kẹrin ló dá oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ wo ló wá ń tàn látọjọ́ kìíní? Mo gbọ́ pé àwọn oníkàbálà mọ̀ ọ́n. Tiẹ̀ yín ní tòótọ́, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àwọn rábì àtijọ́ náà bira wọn ní ìbéèrè yìí, èsì wọn sì wà nínú Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn rábì jọ sí. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní kì í ṣe ti oòrùn, èèyàn lè fi í wo ayé látìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àmọ́ Ọlọ́run wo iwájú, ó rí ìran Ìkún Omi, ó rí àwọn tó máa kọ́ ilé ìṣọ́ Bábẹ́lì, ló bá gbé ìmọ́lẹ̀ náà pa mọ́ fún àwọn olódodo lọ́jọ́ iwájú. Ìyẹn á tó fáwọn ọmọ yẹn, o lè dúró síbẹ̀ tí bẹ́lì bá ti lù.

Àmọ́ àwọn oníkàbálà ò dúró síbẹ̀, wọ́n bèèrè èyí tó le jùyẹn lọ. Wọ́n ní tí Ọlọ́run bá jẹ́ Aláìlópin lóòótọ́, tó kún gbogbo ibi, àyè wo ló wá kù tó gbé ayé sí? Ẹni tó fún wọn lésì tí wọn ò tíì gbàgbé títí dòní ni Isaac Luria, tí wọ́n ń pè ní Ari, kìnnìún. Wọ́n bí i ní Jerúsálẹ́mù ní 1534, Íjíbítì ló ti dàgbà, ó wá dé ìlú Safed lórí òkè ní Gálílì ní 1570, àjàkálẹ̀ àrùn sì pa á ní 1572 lẹ́ni ọdún 38. Àsìkò tó lò ní Safed ò tó ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ Hayyim Vital ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá a mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Luria ní ohun àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run ṣe, kì í ṣe pé ó nawọ́ jáde, ńṣe ló fà sẹ́yìn. Ó ká ara rẹ̀ kò, ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ kí nǹkan míì tí kì í ṣe òun lè wà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tzimtzum. Nínú àyè tó ṣófo yẹn ló wá fi ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tín-ín-rín ránṣẹ́ sí, ohun tó sì kọ́kọ́ yọ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni Adam Kadmon, kì í ṣe Ádámù inú ọgbà Édẹ́nì o, kò lẹ́ran-ara, ìrísí ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Látojú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti wá ń dà jáde, wọ́n sì ti gbé ìkòkò mẹ́wàá kalẹ̀ tó máa gbà á, ìkòkò kan fún Sefirah kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta òkè gbà á, wọn ò fọ́. Ìmọ́lẹ̀ kan mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ó pọ̀ jù fún wọn, wọ́n fọ́ yángá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Malkhut tó wà nísàlẹ̀ náà sán. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn padà sókè, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ná 288 lẹ̀ mọ́ àfọ́kù, wọ́n sì jọ já wálẹ̀. Àfọ́kù yẹn ló di klipot, èèpo, ibẹ̀ ni ibi ti rí ibùgbé, kò sì lágbára tara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ná tó há sínú ẹ̀ ló ń fi mí.

Ibi tí mo fẹ́ kó o dúró sí díẹ̀ nìyí, torí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn ló fọ́ ìkòkò. Èèyàn ò tíì sí! Nǹkan ti bàjẹ́ kí wọ́n tó mọ Ádámù rárá, wọ́n wá dá Ádámù sínú ilé tí àtúnṣe ti ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀, Ọlọ́run ti tún èyí tó pọ̀ ṣe, ó kó àwọn Sefirot pọ̀ di ojú márùn-ún tó lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, bàbá, ìyá, ọmọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kó má bàa tún di pé oníkálukú dá dúró tó wá dá fọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù fún Ádámù láti parí, Sábáàtì àkọ́kọ́ ló yẹ kó parí ẹ̀, ó sì jẹ èso yẹn. Ẹ̀ṣẹ́ná tún túká. Látìgbà yẹn iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́rùn àwọn èèyàn, tikkun ni wọ́n ń pè é, àtúnṣe.

Kí ló dé tẹ́nì kan á fi ronú nǹkan báyìí? Ní 1492, ọba àti ayaba Sípéènì lé gbogbo Júù tó kọ̀ láti di Krìstẹ́nì jáde nílùú, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fipá ri àwọn tó sá lọ sí Pọ́túgà bọmi. Ọmọ àtọmọọmọ àwọn tí wọ́n lé yẹn ló kún Safed, lábẹ́ ìjọba àwọn Tọ́kì. Gershom Scholem tó sọ ìwádìí Kàbálà di iṣẹ́ gidi ní yunifásítì ní Jerúsálẹ́mù ní ìtàn ìlélọ yẹn ni Luria gbé lọ sókè ọ̀run: Ọlọ́run fúnra ẹ̀ wà nígbèkùn, ẹ̀ṣẹ́ná rẹ̀ fọ́n káàkiri bí wọ́n ṣe fọ́n káàkiri. Moshe Idel tó tẹ̀ lé e ò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ó ní ìpìlẹ̀ èrò yẹn ti wà nínú àwọn ìwé tó ṣáájú ìlélọ. Èmi rò pé Idel jàre lórí ibi tí èrò náà ti wá, àmọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ran gbogbo ilé Júù bí iná ọyẹ́, Scholem ló sún mọ́ ọn jù.

Ìbéèrè: Assalamu alaykum. Ẹ má bínú sà, lójú tèmi ṣíríkì pọ́ńbélé nìyí. Ọlọ́run kan ṣoṣo wá di mẹ́wàá? Àlàájì kan, Ìwó.

Ìdáhùn: Wa alaykumu salam, Àlàájì. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ o, àwọn Júù fúnra wọn ti fi bú ara wọn ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Rábì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Isaac ben Sheshet, Barcelona ni wọ́n ti bí i, ó kú sí Algiers ní 1408, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ pé òun gbọ́ kí onímọ̀ kan máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àwọn oníkàbálà, pé àwọn Krìstẹ́nì gba mẹ́ta gbọ́, àwọn yìí gba mẹ́wàá. Abraham Abulafia tóun gan-an jẹ́ oníkàbálà, ìyẹn nínú ọ̀rúndún kẹtàlá, ti sọ irú ẹ̀ sáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tó dáhùn dáadáa jù ni Moses Cordovero, òun náà ní Safed, ó kú ní 1570, ọdún tí Luria dé gan-an. Ó ní kẹ́ ẹ wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń gba gíláàsì aláwọ̀ mẹ́wàá wọlé. Ọ̀kan á pupa, ọ̀kan á funfun, ọ̀kan á dà bí ewé, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ò ní àwọ̀ kankan, kò sì yí padà, gíláàsì ló ń yí ohun tí ojú wa rí. Nítorí náà tí Ọlọ́run bá ṣàánú lónìí tó ṣèdájọ́ lọ́la, kì í ṣe pé ó yí padà, ojú ibi tá a ti ń wò ó ló yàtọ̀. Wọ́n sì tún tẹnu mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbàdúrà sí Sefirah kankan, Ein Sof nìkan ni wọ́n ń darí ọkàn sí, kó wá gba ọ̀nà ìdájọ́ tàbí ti àánú dá wọn lóhùn. Bóyá èyí á tẹ́ ẹ yín lọ́rùn, ìyẹn dọwọ́ yín. Isaac ben Sheshet ní tiẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàlàyé tán fún un, ó ní àlàyé náà dáa, àmọ́ kí ló dé téèyàn fi máa kó ara ẹ̀ sínú wàhálà ẹ̀, pé kó kàn gbàdúrà sí Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ ló dáa jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé pé òrìṣà wa àti odù Ifá ni Sefirot láwọ̀ míì, mo rí lẹ́tà yín, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Iye ò dọ́gba, iṣẹ́ wọn ò jọra, àwọn méjèèjì ò sì bí ara wọn. Ká fi oníkálukú sílé ẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló kọ ìwé wọn? Ẹnì kan ní ilé ìjọsìn wa ní Mósè ló kọ Zohar lórí òkè Sínáì. K.A., Iléṣà.

Ìdáhùn: Rárá o. Zohar ni ìwé Kàbálà tó lókìkí jù, àmọ́ àwọn tó gbà á gbọ́ gan-an ò sọ pé Mósè ló kọ ọ́, Rábì Shimon bar Yochai ni wọ́n ń sọ, ọkùnrin ọ̀rúndún kejì tó sá pamọ́ sínú ihò àpáta fún àwọn ará Róòmù. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbúròó ìwé yẹn títí di ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ní Sípéènì, nígbà tí Moses de León bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀dà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní èdè Árámáíkì, ó ní inú ìwé àtijọ́ kan tó wà lọ́wọ́ òun lòun ti ń dà á kọ.

Ìtàn tó dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé. Moses de León kú ní 1305. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaac láti ìlú Acre, tó ń wá òótọ́ Zohar kiri, dé Sípéènì nígbà yẹn, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Olówó kan ní Avila tó ń jẹ́ Joseph rán ìyàwó rẹ̀ sí opó Moses, pé kó gbé ojúlówó ìwé àtijọ́ yẹn wá, àwọn á fi ọmọkùnrin àwọn fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé kò sówó nílé opó. Opó náà búra pé kò síwèé kankan, inú orí ọkọ òun ló ti ń kọ ọ́. Ó ní òun bi í rí pé kí ló dé tí kò fi sọ pé tòun ni, ọkọ ní tóun bá sọ pé tòun ni kò sẹ́ni tó máa kà á sí, wọn ò sì ní sanwó, àmọ́ tóun bá ti dárúkọ Shimon bar Yochai owó gidi ni wọ́n ń san. Ìyẹn ò pa ìwé náà lára. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Mantua àti Cremona ní Ítálì láàárín 1558 sí 1560, Luria àtàwọn ará Safed sì kà á bí ẹni ń ka Tórà, ìwé òfin Mósè. Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní sì ń rò ó pé kì í ṣe òun nìkan, pé ẹgbẹ́ kan ló jọ kọ ọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ogójì ọdún tó bá ka Kàbálà, orí ẹ̀ á dàrú. Ẹni ọdún 26 ni mí, mo sì ti kà díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n sáré lọ gbàdúrà? Ọmọ ìyá yín, Àdó-Èkìtì.

Ìdáhùn: Àbúrò, jókòó jẹ́ẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ní orírun méjì. Ti àkọ́kọ́ wà nínú Talmud: ọkùnrin mẹ́rin wọ inú ọgbà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ, Ben Azzai wò ó, ó kú, Ben Zoma wò ó, orí ẹ̀ yí, ẹnì kẹta di aláìgbàgbọ́, Rábì Akiva nìkan ló wọlé ní àlàáfíà tó jáde ní àlàáfíà. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn gidi, ó sì burú jùyẹn lọ. Shabbetai Zevi, ará Izmir, wọ́n kéde rẹ̀ ní Mèsáyà ní 1665, ẹni tó kéde rẹ̀ sì fi ẹ̀kọ́ Luria ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, pé àtúnṣe ti fẹ́ parí, ẹ̀ṣẹ́ná ti fẹ́ pé. Àwọn Júù láti Amsterdam dé Yemen kó ẹrù, àwọn kan ta ilé. Ní 1666 Sultan mú un, ó ní kó yàn láàárín ikú àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Mèsáyà sì wé láwàní. Àwọn kan ṣì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó sọ̀ kalẹ̀ sínú èèpo lọ kó ẹ̀ṣẹ́ná ni. Ẹ̀kọ́ tó dáa, ẹ wo ibi tí wọ́n fi gbé e lọ.

Irú wọn ló tún yọjú ní Pólàǹdì, Jacob Frank àtàwọn èèyàn rẹ̀, ni àwọn rábì tó péjọ ní Brody ní 1756 bá ṣòfin: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ka Zohar kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀kọ́ Luria di ogójì. Ibẹ̀ ni ogójì yẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Luria fúnra ẹ̀ ò pé ogójì kó tó kú, tí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin yẹn kò ní lè ka ìwé ara ẹ̀. Nítorí náà má kó ìpayà, àmọ́ ohun tó ò ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, wo ẹni tó kọ ọ́.

Ìbéèrè: Wòlíì kan ládùúgbò wa ń ta Ìwé Kẹfà àti Ìkeje Mósè, pẹ̀lú àbẹ́là àti orúkọ mímọ́ téèyàn á máa pè sórí Sáàmù lóru. Ó ní Kàbálà ni, pé òun làwọn Júù fi ń lówó. Mo ti san ìdajì owó. Ẹ forúkọ bò mí, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ má san ìdajì tó kù o, tẹ́ ẹ bá sì lè gba ti àkọ́kọ́ padà, ẹ gbà á.

Ìwé yẹn, àwọn Júù ò mọ̀ ọ́n sí ìwé Mósè, Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1849, ó bá àwọn ará Jámánì tó ń ṣí lọ dé Amẹ́ríkà, ó dé Jàmáíkà, ó sì ti débi tiwa yìí ọjọ́ pẹ́. Orúkọ Hébérù tó wà nínú ẹ̀, púpọ̀ ti bàjẹ́ kọjá ohun téèyàn lè kà. Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá, lílo Sáàmù fún ọ̀ràn kan pàtó kì í ṣe nǹkan tí wòlíì yẹn dá sílẹ̀. Àwọn Júù ní ìwé kan láyé àtijọ́, Shimmush Tehillim, tó ń sọ èyí tí wọ́n máa ka fún ibà, fún àboyún, fún ìrìn àjò, àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa náà sì mọ irú ẹ̀. Àmọ́ Luria kìlọ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan apá yẹn, ìyẹn pípe orúkọ mímọ́ láti fi ṣe oògùn.

Ohun tó ní kí wọ́n máa ṣe ò ní tà lọ́jà, torí kò sí owó nínú ẹ̀. Kí wọ́n jẹun, àmọ́ kí wọ́n súre kí wọ́n tó jẹ ẹ́, torí ẹ̀ṣẹ́ná wà nínú búrẹ́dì náà, tí wọ́n bá fi ọkàn súre sí i, tí wọ́n wá fi agbára oúnjẹ yẹn ṣe ohun tó dáa, ẹ̀ṣẹ́ná yẹn ti gòkè nìyẹn. Kí wọ́n má yan òṣìṣẹ́ jẹ, kí òṣùwọ̀n wọn ó pé. Láàárín Àjọ Ìrékọjá àti Pẹ́ńtíkọ́sì wọn, wọ́n máa ń ka ọjọ́ 49, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti Sefirah kan nínú méje ìsàlẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ náà tún ní tiẹ̀, kéèyàn lè fi yẹ ìwà ara ẹ̀ wò: lónìí àánú inú ìdájọ́, lọ́la ìdájọ́ inú ìdájọ́. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko lẹnì kan fi ń bi ara ẹ̀ pé ṣé mi ò le jù sáwọn ọmọ mi báyìí. Wòlíì yín ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ náà máa sìn yín, àwọn tó ni ín ní iṣẹ́ ló gbé fún wọn. Ẹni tó bá ní pẹ̀lú àbẹ́là lóru kan lòun á fi sọ yín di olówó, ẹ ní kó fi sọ ara ẹ̀ dì í ná.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Ísírẹ́lì lọ́dún yìí, àwa náà fẹ́ di JP. Ṣé ibi tẹ́ ẹ ń sọ yìí wà ní ọ̀nà wa? Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ó sún mọ́ ọ̀nà yín, sà. Tí bọ́ọ̀sì yín bá ti dé Tiberias létí Òkun Gálílì, Safed ò jìnnà síbẹ̀, ó wà lórí òkè, ó ga tó nǹkan bí 900 mítà, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Ṣe lẹ máa bẹ ẹni tó ń darí yín, torí ojú ọ̀nà ti Jésù ni wọ́n máa ń gbé àwọn èèyàn wa gbà. Nílùú náà, ilé ìjọsìn méjì ló ń jẹ́ orúkọ Ari, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1837 ba ìlú náà jẹ́ gan-an, wọ́n tún wọn kọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Sàréè Luria àti ti Cordovero wà ní itẹ́ òkú àtijọ́ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n kun ti Luria ní búlúù. Ní irọ̀lẹ́ Fúráìdé, láyé ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń wọṣọ funfun jáde sí pápá lọ pàdé Sábáàtì bí ẹni lọ pàdé ìyàwó, ọ̀kan nínú wọn, Solomon Alkabetz, ló kọ orin Lekha Dodi tí gbogbo ilé ìjọsìn Júù ń kọ ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn káàkiri ayé títí dòní.

Meron, ibi tí wọ́n ní wọ́n sin Shimon bar Yochai sí, wà nítòsí ibẹ̀, àmọ́ tó bá bọ́ sí Lag BaOmer, ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ọjọ́ 49 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má débẹ̀ o, èrò máa ń pọ̀ kọjá àlà, èèyàn 45 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 2021. Ẹ má sì lọ sí Safed ní Sátidé, bọ́ọ̀sì ò ní ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á sì tì. Ìyàwó yín kó mú gèlè tàbí ìborùn. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ bo orí tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ sì má lọ ra fìlà kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, gọ̀bì tẹ́ ẹ bá dé látilé ti tó.